Bàtà Pupa Àṣàbí

A kì í ka ọmọ ọlọ́mọ. Bàtà tí wọ́n bọ́ sétí pápá ni Ìyá Dúró, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ní ibùdó ọlidé, máa ń kà kí ọ̀kan má baà sọnù.

Ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n ṣì ń fa okùn.

"Ojoro! Ẹ pọ̀ jù wá lọ!"

"Ọ̀lẹ! Ẹ lọ jẹ iyán sí i!"

"Ó tó, ẹ wọ bàtà," ni ìyá wí. Nígbà tí bàtà tán nílẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Àṣàbí, ọmọ-ọmọ rẹ̀, fà á láṣọ. "Màmá, ẹnì kan ti wọ bàtà mi."

Ìyá gbójú sókè. Bàtà pupa náà ti kọjá géètì, àwọn ọmọ yòókù sì ń tẹ̀lé e láìfọhùn.