Kókó Tí Káfíńtà Ta Sórí Okùn Agbẹ̀bí

"Kókó tí èmi bá ta, kò sí ọmọ ènìyàn tó lè tú u àfi èmi." Gbólóhùn yìí ni káfíńtà kan fi ń kí àwọn èèyàn ní èbúté láràárọ̀, dípò ẹ káàárọ̀. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀mùtí, ó sì ń kan ilẹ̀kùn bí ẹni tó bá igi mulẹ̀. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí tirẹ̀ bá ti dára, tẹlòmíràn kò kàn án. Nítorí kókó yìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Kòṣeétú. Orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Òdìkejì omi ni ilé rẹ̀ wà, ìhín ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ọkọ̀ kékeré kan tó ní ẹ̀rọ nídìí ló fi ń wá síṣẹ́. Ní èbúté, pèpéle onípákó kan ń léfòó lórí omi, ara rẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ ń so mọ́. Èèkàn irin orí rẹ̀ kò tó, nítorí náà ọkọ̀ méjì a máa pín ọ̀kan. Òfin ibẹ̀ kò le. Bí o bá bá okùn ẹlòmíràn lórí èèkàn, ti tìrẹ bọ abẹ́ rẹ̀, kí o sì ta á ní ojóbó, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ lọ lè lọ láì bẹ ẹnikẹ́ni.

Kòṣeétú kì í ta ojóbó. Ó ní ewúrẹ́ ni wọ́n ń fi ojóbó so. Okùn búlúù rẹ̀ nípọn bí ọrùn ọwọ́. Yóò gbé e gba orí okùn ẹlòmíràn, yóò wé e, yóò tún un wé, yóò wá ta kókó lé kókó títí èèkàn náà yóò fi dà bí ẹni tó forí gbá ilẹ̀kùn, tí wọ́n wá fi báńdéèjì wé e lórí.

Lọ́jọ́ kan, èèkàn ọkọ̀ agbẹ̀bí ni ó já sí. Obìnrin yìí, tí gbogbo èbúté ń pè ní Àǹtí, ló ń fi ọkọ̀ funfun rẹ̀ sáré lọ gbẹ̀bí ní òdìkejì. Bàbá tó ń bójú tó èbúté rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Káfíńtà, o ti gun okùn Àǹtí lórí o."

"Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ìjì bá jà, ọkọ̀ tèmi nìkan lẹ máa bá níbí."

"Bí wọ́n bá wá pe Àǹtí ńkọ́?"

"Kí wọ́n wá pè mí ní ṣọ́ọ̀bù, màá tú u. Ta ló fẹ́ bímọ lónìí?"

"Ìyàwó tìẹ náà lóyún."

"Tèmi ṣì kù díẹ̀. A kì í kánjú nílé wa."

Àwọn àgbà ní a kì í mọ̀ ọ́n gùn, mọ̀ ọ́n rìn, kí orí má mì. Orí Kòṣeétú kò tíì mì nígbà náà.

Kò pẹ́, òjò rọ̀. Ọkọ̀ ẹrù ńlá kan sì kọjá, omi ru sókè, gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn wọn. Okùn búlúù mu omi yó, ó sì fún mọ́ èèkàn pinpin. Ìgbà yẹn ni fóònù dún ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ni.

"Àna mi, ẹ gbé agbẹ̀bí wá o! Omi ti dà! Ó sì dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ lọmọ fẹ́ fi wá!"

Bó ṣe wà ló ṣe sáré jáde. Ó bá Àǹtí lórí pèpéle, báàgì ní èjìká. Wọ́n ti pe òun náà, ó sì ń fa okùn rẹ̀ lábẹ́ okùn búlúù bí ẹni tó ń fa eyín. Gbogbo ọkọ̀ ẹlẹ́rọ yòókù ti jáde. Àwọn tó kù kò ní ju àjẹ̀ lọ.

"Ta ló so èyí?" Àǹtí bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀.

"Èmi ni, Mà. Ẹ sún fún mi díẹ̀."

Ó kúnlẹ̀. Ó fa tòsì, ó fa tọ̀tún. Ó fi eyín sí i. Èékánná rẹ̀ kan ya. Kókó náà ń wò ó.

"Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti dá.

"Ìyàwó ẹ ló wà lọ́hùn-ún o," Àǹtí wí. "Mi ò lè rìn lórí omi. Ṣé o lè tú u àbí o ò lè tú u?"

"Kò ṣeé tú, Mà." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó sọ ọ́ láì gbé àyà síwájú. "Ẹ gbà mí, ẹ bá mi wá ọ̀bẹ!"

"Èwo ni ọ̀bẹ?" Bàbá dáhùn. "Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

Kòṣeétú wo ọwọ́ rẹ̀. Ayùn ni. Kò mọ̀ pé òun gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fi rẹ́ okùn rẹ̀ bí ẹni tó ń rẹ́ pákó.

Bí ọkọ̀ Àǹtí ṣe ń jáde, imú ọkọ̀ káfíńtà ha á lára gbọọrọ. Kòṣeétú fẹ́ fò sínú ọkọ̀ Àǹtí.

"Níbo lò ń lọ?" Àǹtí kígbe. "Di ọkọ̀ ẹ mú! Ó fẹ́ fọ́ tàwọn èèyàn!"

Òótọ́ ni. Okùn tó ṣẹ́ kù kò gùn dé èèkàn mọ́, omi òjò ti wọ ẹ̀rọ ọkọ̀ náà, ẹ̀yìn Bàbá kò sì lè fa ọkọ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kòṣeétú dojúbolẹ̀ lórí pákó tútù, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìyókù okùn mú, ó ń wo òdìkejì omi. Ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, àdúrà ni.

Nígbà tí fóònù dún, Bàbá ló yọ ọ́ nínú àpò káfíńtà, tó gbé e sí i létí.

"Obìnrin ni!" ohùn Àǹtí wí. "Ẹsẹ̀ ló fi wá lóòótọ́, àfi bí ẹni pé ó fẹ́ rìn wá wò ẹ́ níbi tó o sùn sí. Ara àwọn méjèèjì le. Ìyá ẹ̀ ti ń bèèrè oúnjẹ."

Káfíńtà bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ kò ráyè, Bàbá ló bá a nu ojú.

Nígbà tó yá, wọ́n rí i tó kúnlẹ̀ lórí pèpéle, ó ń fi ọ̀dà funfun kun ibi tí ó ha lára ọkọ̀ Àǹtí. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Okùn tuntun rẹ̀ wà lábẹ́ ti Àǹtí, ní ojóbó.

"Kòṣeétú, ọmọ ńkọ́?" Àǹtí bi í bó ṣe ń kọjá.

"Ó wà, Mà," ló wí, ó sì ń kun ọ̀dà rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé ohun tí a bá jọ ń lò, ká so ó kí ẹlòmíràn lè rí i tú. Kò burú kí nǹkan ẹni le, ṣùgbọ́n kí ó má le lé ọrùn ẹnìkejì. Ẹni tó bá fẹ́ dí ọ̀nà, kó kọ́kọ́ wò ó dáadáa bóyá ọ̀nà ilé rẹ̀ ni. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ayùn máa ń wà lọ́wọ́ ẹni.