Koríko Tí Ó Ń Bọ̀ Lòdì sí Atẹ́gùn

Àlọ́ mi yọ fẹ́rẹ́ sí oko ẹ̀pà, ó bá Ehoro àti Ọ̀bọ níbi tí wọ́n ti ń jẹ ohun tí wọn kò gbìn.

Ojú Ehoro kì í dúró de ọpọlọ. Bí nǹkan bá mira, ojú fúnra rẹ̀ ti mọ ibi tí nǹkan náà kọrí sí. Ti Ọ̀bọ kò rí bẹ́ẹ̀: ojú a kó ẹjọ́ lọ bá ọpọlọ, ọpọlọ a sì jókòó lé e lórí. Láìpẹ́ yìí ni Ehoro sá fún ewé gbígbẹ, Ọ̀bọ sì ti ròyìn rẹ̀ ká igbó.

Atẹ́gùn ń tẹ gbogbo koríko sí apá ọ̀tún. Ibì kan ṣoṣo ni ó ń mì bọ̀ wá sí apá òsì, níbi tí wọ́n jókòó sí. Àyà Ehoro já, ṣùgbọ́n ìtìjú dè é mọ́lẹ̀. Ó fi orin bẹ̀bẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀bọ, ẹ dìde o,
*Wéréwéré.*
Koríko ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀,
*Wéréwéré.*

"Àbúrò mi ojo," Ọ̀bọ fèsì bí ó ti ń họ àyà, "kí ló ń bọ̀? Àwọ̀ wo ló ní? Ta ló rán an? Jẹ́ kí ọpọlọ mi gbẹ́jọ́ náà dáadáa."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀."

Ehoro fẹ́ dúró, kí wọ́n má pe òun lójo mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà. Ó ti wọ ihò kí ó tó mọ̀ pé òun ń sá.

Inú ihò ni ó ti gbọ́ ohùn Ọ̀bọ: "Àbúrò, ọpọlọ mi ti rí i. Ẹkùn ni."

Ìdájọ́ náà tọ̀nà. Inú ẹnu Ẹkùn ni Ọ̀bọ ti ṣe é.

Bí mo bá purọ́, ẹ bi Ẹkùn.