Ẹni Tó Dúró Ti Bàbá

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀, alágbàfọ̀ náà kò sùn síta rí. Yàrá iwájú ló ti ń lọ aṣọ àwọn oníbàárà, kó lè máa gbọ́ bí bàbá bá pè é. Apá òsì bàbá ti kú, ẹsẹ̀ òsì pẹ̀lú, àmọ́ ẹnu wọn ṣì mú bí abẹ.

"Ìyá mi, áyọ́ọ̀nù yẹn mà ti gbóná jù. Ṣé o fẹ́ dín ṣòkòtò olóṣòkòtò ni?"

"Bàbá, ẹ sùn jàre."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, awakọ̀ ni, ó ti níyàwó, ó ti bímọ. Tó bá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá gbé bàbá sọ́dọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, á ní ilé òun kéré. "Ìwọ lo mọ ìtọ́jú wọn," ló máa ń wí, á sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Káfíńtà kan wá kan òrùlé ilé kejì, ó gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá fún un fọ̀. Kí òrùlé tó parí, ìfẹ́ ti wọ àárín àwọn méjèèjì. Káfíńtà padà sí ìlú rẹ̀ tó jìnnà, orí fóònù ni wọ́n wá ń gbé.

"Máa bọ̀ níbí, ká fẹ́ra," ni ọkùnrin náà sọ.

"Mi ò lè fi bàbá mi sílẹ̀."

"Láé?"

"Láé."

Láti ọjọ́ náà ni káfíńtà kò ti sọ pé kó máa bọ̀ mọ́. Ìbéèrè ló kù tó ń bi í. Ṣé bàbá ga? Ta ló ń yí wọn padà lórí ibùsùn? Ṣé wọ́n máa ń bínú? Alágbàfọ̀ ń dá a lóhùn, àmọ́ tó bá ti gbé fóònù sílẹ̀, ara rẹ̀ kì í lélẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta ọṣẹ ló là á yé e.

"Ẹrù tó wà lórí ẹ ló ń fojú wọ̀n yẹn. Ọkùnrin tó bá ti ń bèèrè báyẹn, ó ti ń wá ọ̀nà àtisá. Ojú ẹ á là!"

Nígbà tí káfíńtà wá sọ fún un pé, "Ṣe sùúrù, má ṣe nǹkan kan títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ó gbà pé ọ̀nà àtisá ló ń wá lóòótọ́. Ó ní òun ò ní jókòó kí wọ́n wá já òun jù sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wẹ bàbá, ó fún wọn lóúnjẹ, ó pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn. Ó kó aṣọ tirẹ̀ sísàlẹ̀ báàgì, ó to aṣọ oníbàárà lé e. Ojú ń tì í, kò lè wojú bàbá.

"Bàbá, mo fẹ́ lọ gbé aṣọ fáwọn oníbàárà."

"Ṣé ìwọ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun." Kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu.

"Tètè máa bọ̀, ìyá mi. Òjò ti ṣú."

Ó gbé ife omi kan tì wọ́n, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, kò tì í. Ó já aṣọ oníbàárà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọlọ́ṣẹ, lẹ́yìn náà ló tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Mo ti lọ bá ọkọ mi. Ẹ wá wo Bàbá." Èsì dé wéré: "Ṣé orí ẹ dàrú ni? Ó dalẹ́ kí n tó ráyè!" Ó kà á tán, ó pa fóònù.

Nínú ọkọ̀, ìyá kan tó jókòó tì í bi í pé ibo ló ń lọ.

"Ilé ọkọ ni, mà."

"Ẹn-ẹ́n! Orí ẹ á bá ọ ṣe é. Àwọn òbí ẹ ń kọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà, mà."

Ìgbà náà ló rántí pé ọwọ́ òsì bàbá ni òun gbé ife omi sí, ọwọ́ tó ti kú. Kò ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ya ẹnu kó ké sí awakọ̀ pé kó dúró, àmọ́ ó mọ̀ pé tóun bá padà lónìí, òun ò ní kúrò mọ́. Ó pa ẹnu dé. Ìtìjú bò ó, ó fi gèlè bojú, ìyá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì rò pé oorun ló ń kùn ún.

Ó bi àwọn èèyàn léèrè títí ó fi dé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ọkùnrin kan ń fá pákó níbẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá káfíńtà ni mò ń bèèrè."

"Háà, ẹ ti pẹ́ jù. Ó ti kó gbogbo irinṣẹ́ ẹ̀ lọ láàárọ̀ yìí."

"Ó lọ síbo?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ilé àna ni o! Mo ní, ṣé ọkùnrin ń lọ gbé nílé àna ẹ̀ ni? Ó ṣáà ń di irinṣẹ́ ẹ̀ lọ ni.

"Ó ní obìnrin tí kò lè fi bàbá ẹ̀ sílẹ̀ láé kò wọ́pọ̀, pé òun kúkú máa lọ bá a tọ́jú bàbá náà, á sì ti débẹ̀ báyìí."