Ẹja Inú Korobá Torgeir

Torgeir jókòó ti kọfí àárọ̀. "Ta ló ni ife kejì yìí?"

Oddvar, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ni gbogbo ilé ń wò. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wálẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ti wúwo.

"Ọtí àná ò tíì dá lójú ẹ, ará Oslo," ni Torgeir sọ fún un.

"Kò fẹnu kan ọtí," ni Sigrun, ìyàwó Torgeir, fèsì, fóònù létí. "Ẹja kíkan tó o fi iyọ̀ rẹ sínú korobá, tá a jẹ lánàá ni. Iyọ̀ tó o fi sí i kò tó, kòkòrò àìfojúrí tó rí bí ọ̀pá ti wọ̀ ọ́."

"Ọ̀pá kẹ̀? Ojú mi mú ju tiyín lọ, mi ò rí ọ̀pá kankan nínú korobá mi."

Sigrun tẹ́tí sí dókítà tó wà lórí fóònù, ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ó ní ta ló ń rí nǹkan kan ní méjì. Torgeir, ife kan ṣoṣo ni mo gbé síwájú rẹ."