Ẹ̀rọ Tó Ń Kí Mi Pẹ̀lẹ́

"Ẹ má gun òpó rédíò yẹn lónìí, ọ̀gá," ni Làmídì, ọlọ́dẹ wa, wí. "Láti àárọ̀ ni obìnrin kan ti ń kí yín pẹ̀lẹ́ nínú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ yín."

Mo pòṣé. Ọlọ́dẹ tí kò mọ̀ ju géètì lọ! Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣèwádìí bí ìgbì rédíò ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́.

"Ọyẹ́ ló gbé ohùn rédíò òkèèrè wá, òpè!"

Mo so ẹ̀rọ mọ́ ìgbànú, mo gun òpó náà. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo dókè téńté.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá," ni obìnrin náà wí.

Mo jágbe mọ́ ọn. "Pẹ̀lẹ́ kí ni? Kí ló ṣe mí?"

Ó wá bi ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé wọn ò tíì já bọ́ ni?"