Ife Olódòdó Inú Páálí Bísíkíìtì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ìtàn yìí tì láàárín, ẹ kà á délẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé abọ́ yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Ohun tó wà níbẹ̀ ń kó ni nírìíra.

1.

Obìnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àfínjú. Ilẹ̀ ilé rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ẹnu ọ̀nà ni ẹ óò ti bọ́ bàtà, bí ẹ bá sì dìde lórí àga rẹ̀, á nu àga náà lójú yín.

Ní ìlú wọn, ike ìdalẹ̀sí méjì ló wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan. Ìdọ̀tí gidi ló ń lọ sínú dúdú, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n sì ń kó o. Aláwọ̀ ewé wà fún ohun tí wọ́n máa tún lò: ìwé, páálí, ike omi, agolo tí ẹ ti ṣàn mọ́. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń kó ìyẹn. Akólẹ̀ á ṣí ìdérí, á yọjú wò ó. Bó bá rí ẹ̀gbin, á lẹ ìwé pupa mọ́ ike yín, á sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ kí gbogbo ayé máa wò ó.

Àfínjú ní ìkókó nílé. Ìlédìí ọmọ tó bá lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú ike dúdú nínú oòrùn, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa rí. Ìdin á máa wọ́ jáde lábẹ́ ìdérí.

"Lẹ́nu ọ̀nà tèmi kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Kí ló wá ń ṣe? Á di ìlédìí onígbẹ̀ẹ́ sínú páálí bísíkíìtì, á fi téèpù dí i pinpin, á gbé e sínú ike aláwọ̀ ewé. Akólẹ̀ yọjú, páálí tó mọ́ ló rí. Ó tiẹ̀ máa ń kí i pé, "Màmá, ẹ ṣeun o, ike yín ló mọ́ jù lójú pópó yìí." Obìnrin yìí á sì rẹ́rìn-ín! Ojú ò tì í rárá.

2.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ibi tí wọ́n ń kó ẹrù ike aláwọ̀ ewé lọ ni àbúrò náà ti ń ṣiṣẹ́. Bẹ́líìtì ńlá kan á máa gbé ẹrù kọjá níwájú wọn, wọ́n á máa fọwọ́ ṣà á, páálí síhìn-ín, ike sọ́hùn-ún. Èyí tí wọ́n bá fi téèpù dí, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń ya á.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti para, aṣọ rẹ̀ mọ́ nigín-nigín. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ló bá mú ife gíláàsì kan lórí tábìlì, ọ̀kan lára àwọn olódòdó pupa tí etí wọn ní àwọ̀ wúrà, ó bu omi mu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Mo fọwọ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa."

"Ṣé mo bi ọ́ ni?"

Bó ṣe jáde báyìí, Àfínjú fi ìka méjì gbé ife náà bí ẹni gbé òkú eku.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" ọkọ rẹ̀ bi í.

"Ọwọ́ tó fi ń ṣa ilẹ̀ ló fi mú un. Ó ń rí mi lára!"

"Fọ̀ ọ́ nígbà náà."

"Kí ni mo fẹ́ fọ̀ níbẹ̀?"

Ó wé ife náà mọ́ inú ìlédìí ọmọ, ó tì í sínú páálí bísíkíìtì, ó sì fi téèpù dí i. Ẹ gbọ́ ná: ife tí àbúrò rẹ̀ fi mu omi ń rí i lára, ìgbẹ́ tó ń dì ránṣẹ́ sí ọmọ ọlọ́mọ ò rí i lára!

3.

Ọkọ̀ akólẹ̀ máa ń tẹ ẹrù pọ̀ ni, ife sì fọ́ nínú páálí. Nígbà tí páálí náà dé orí bẹ́líìtì, òórùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé.

"Ẹlẹ́gbin wo ló tún ṣe èyí?" Ẹni tó dúró ti àbúrò náà fọwọ́ bo imú.

Àbúrò ya téèpù, ó kiwọ́ bọ̀ ọ́. Gíláàsì gé ìbọ̀wọ́, ó gé àtẹ́lẹwọ́, ó wọlé dé iṣan. Ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ ń kán sórí páálí àwọn tó ti ṣe tiwọn dáadáa, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kó dànù.

Ó wo àfọ́kù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òdòdó pupa, etí wúrà. Ó fi ọwọ́ òsì jù ú sápò.

4.

Egbò náà kẹ̀. Nígbà tí Àfínjú dé ilé ìwòsàn, ó wó lulẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Ìkà wo ló ṣe èyí fún ọmọ ìyá mi? Ẹni náà ò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun mọ́ láyé!"

"Ẹ má ṣépè, ẹ̀gbọ́n mi."

"Màá ṣépè! Kí ló ṣe tí mi ò ní ṣépè?"

Àbúrò fi ọwọ́ òsì mú àfọ́kù náà jáde, ó gbé e sí i lọ́wọ́.

"Mo fọwọ́ lọ́jọ́ yẹn o, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fọ̀ ọ́."

Àfínjú yí àfọ́kù náà wò: òdòdó pupa, etí wúrà.

Ìka mẹ́ta ni kò ká mọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún yẹn, iṣẹ́ sì ti bọ́. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà báyìí. Àràárọ̀ ni Àfínjú ń tú báńdéèjì, tó ń nu ọyún tó ń rùn, kò sì gbọdọ̀ yínmú. Bó bá bu omi fún un nínú ife olódòdó, àbúrò á rọra tì í padà.

"Ẹ jẹ́ kó wà fún àlejò."

Ife oníke kékeré tó gbé wá láti ilé rẹ̀ ló fi ń mu omi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo kìlọ̀ fún yín o! Ẹ ṣan agolo yín. Ẹ má dí ẹnu páálí. Inú ike dúdú ni kí ẹ kó ìlédìí ọmọ sí, bí ìdin bá sì wà níbẹ̀, ìdin yín ni, ẹ bá a wí. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ní ike méjì níwájú ilé. Ohun tí ẹ fi pa mọ́ sábẹ́ ìdérí yẹn, ẹnìkan ń bọ̀ wá fọwọ́ ṣí i, ọmọ ìyá ẹnìkan sì ni.