Ẹjọ́ Iná Ilé Ìkẹ́rù

Ẹni tó yẹ kó ṣe olùjẹ́jọ́ nínú eré ẹjọ́ tí kíláàsì fẹ́ ṣe kò wá, bẹ́ẹ̀ sì ni aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni alábẹ̀wò ń bọ̀ wá wò ó. Bí eré ò bá wáyé, wọ́n á fagi lé kíláàsì náà. Wákàtí méjì tí kíláàsì yẹn ń gbà nìkan ni ara fi ń tu olùkọ́ lójoojúmọ́.

"Èmi fúnra mi á ṣe olùjẹ́jọ́," ó wí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà, àgbàlagbà pátá tó ń múra ìdánwò ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, fa bẹ́ǹṣì sẹ́yìn. Olùkọ́ kọ gbólóhùn méjì sójú pátákó: *Mo rí i tó ń dáná. Mo gbọ́ pé ó dáná.*

"Èwo ni ẹ̀rí?"

"Ti àkọ́kọ́," Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn. "Àhesọ nìkejì."

"Ẹni tó ní òun rí ńkọ́? Ẹ bi í ohun tó rí gan-an." Ooru mú un. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè sún mọ́ fèrèsé?"

"Ẹ sún mọ́ ọn, Tíṣà," ni Ìyá Ìbejì, tó máa ṣe adájọ́, wí.

Alábẹ̀wò dé, ó jókòó sẹ́yìn, eré sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jẹ́rìí pé òun rí olùjẹ́jọ́, akọ̀wé ilé ìkẹ́rù, tó ń sá jáde kí iná tó sọ.

"Ṣé ojú rẹ̀ lẹ rí?" akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe agbẹjọ́rò bi í.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Aṣọ ọrùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n."

"Èèyàn mélòó ló ń wọ irú aṣọ yẹn níbẹ̀?"

"Gbogbo wọn. Aṣọ iṣẹ́ ni."

"Háà! Ìpàkọ́ ti wá dojú!" agbẹjọ́rò kígbe.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó di etí tábìlì mú ṣinṣin. Kò kọ ìdájọ́ kankan sínú eré náà. Ẹ̀rí nìkan ló ní kí wọ́n fi dá a.

Ìyá Ìbejì rò ó títí.

"Ẹ̀rí yìí ò tó so ológbò mọ́lẹ̀," ó wí. "Kò jẹ̀bi. Kó máa lọ sílé rẹ̀."

Alábẹ̀wò pàtẹ́wọ́, ó ní kí kíláàsì máa tẹ̀ síwájú. Omijé dà lójú olùkọ́.

"Tíṣà, ẹ mọ eré ṣe o!" Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Ẹkún gidi!"

Ìyá Ìbejì bọ́ aṣọ adájọ́ kúrò lórí yúnifọ́ọ̀mù wọ́dà rẹ̀, ó mú Tíṣà padà sí yàrá ẹ̀wọ̀n tó ti ń gbé láti ọdún mẹ́sàn-án nítorí iná ilé ìkẹ́rù yẹn gan-an, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó ku ọdún mẹ́fà kó tó jáde.